Omi Wàláà Lórí Ṣọkọ

Pèpéle tó wà lẹ́yìn ilé wa ní àdúgbò Kalpohin gùn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rìndínlógún, ó sì fẹ̀ ní mẹ́sàn-án. Èmi fúnra mi ni mo fi okùn wọ̀n ọ́n, mo sì tún un wọ̀n nígbà tí bàbá mi sọ pé okùn mi kò tọ́. Sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi ṣe é. Àtẹ̀gùn mẹ́ta ni èèyàn yóò gùn kó tó dé orí rẹ̀, ògiri kúkúrú kan sì yí i ká tí ewúrẹ́ kò lè fò, àfi ewúrẹ́ tó bá ti pinnu. Oòrùn máa ń kàn án láti ìgbà tó bá ti yọ títí di nǹkan bí aago mọ́kànlá, lẹ́yìn náà ni òjìji ilé yóò bò ó. Fún ẹ̀fọ́, n kò mọ ibi tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ ní gbogbo Tamale, nítorí oòrùn ọ̀sán ìlú yìí kì í bá ewé tútù ṣeré.

Iṣẹ́ táípù ni mò ń ṣe ní ọ́fíìsì ìjọba kan nígbà náà, ibẹ̀ ni mo ti rí ilé náà gbà. Bí mo ṣe gbà á ni mo lọ kó bàbá àti ìyá mi kúrò ní ilé àtijọ́ wa láàárín ìgboro, níbi tí orùlé ti ń jò sórí ibùsùn. Àfáà ni bàbá mi. Àwọn aláìsàn máa ń wá bá a kó kọ wàláà fún wọn: yóò fi kálàmù àti tàdáwà kọ àyá Kùránì sára pátákó, yóò fi omi fọ ọ́, wọn yóò sì mu omi náà. Ìlọrin ni wọ́n ti bí ìyá mi. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbé e níyàwó wá sí Tamale kí wọ́n tó bí èyíkéyìí nínú wa, kò sì tíì padà síbẹ̀ rí láti ọjọ́ tí ìyá tirẹ̀ ti kú.

Ilẹ̀ àyíká ilé náà kò ṣeé gbin nǹkan sí. Òkúta pupa wẹ́wẹ́ ni, bí ọkọ́ bá bà á, ńṣe ló ń dún bí ẹni ń lu irin. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé ọ̀gbìn mi gorí pèpéle. Mo ní garawa kẹrosíìnì mẹ́ta, abọ́ tánganran mẹ́rin tí ìdí wọn ti jò, àti ìkòkò amọ̀ kan tí ẹnu rẹ̀ ti ṣá. Ìṣó ínṣì mẹ́rin ni mo fi lu wọ́n: ihò márùn-ún ní ìdí, méjì ní ẹ̀gbẹ́, kí ti ẹ̀gbẹ́ fi ìwọ̀n ìka kan ga ju ìdí lọ. Ti ẹ̀gbẹ́ yìí ni àwọn èèyàn kì í lu, ìyẹn ló sì ń pa ọ̀gbìn wọn, nítorí bí ìdí garawa bá jókòó pẹ̀tẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, ihò ìsàlẹ̀ ti dí nìyẹn. Lẹ́yìn náà, èédú wẹ́wẹ́ nísàlẹ̀, ẹ̀kúnwọ́ méjì. Lórí rẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ etí odò abọ́ méjì, yanrìn abọ́ kan, èèpo ìrẹsì láti ibi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń bó o, abọ́ kan, àti ààbọ̀ abọ́ ìgbẹ́ màlúù tó ti gbẹ fún oṣù mẹ́ta. Ó gbà mí ní òjò méjì kí n tó mọ àdàlù yìí. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Àṣìṣe ló kọ́ mi.

Tòmátò àti ata ni mo kọ́kọ́ gbìn. Ṣùgbọ́n ọdún tí mò ń sọ yìí, ṣọkọ nìkan ni mo gbìn sínú gbogbo mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, ìdí rẹ̀ sì rèé.

Ní ọjà Tamale, o lè rí àlẹ́fù, ìyẹn tẹ̀tẹ̀ wọn, o lè rí ayóyó tó jẹ́ ewédú, o lè rí ìṣápá tí àwọn onílùú ń pè ní bra. Ṣọkọ kò sí. Èyí tí ìyá mi ń jẹ, ewé rẹ̀ fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé, iṣan àárín rẹ̀ sì pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló di irúgbìn rẹ̀ sí etí aṣọ fún un nígbà tó ń bọ̀ nílé ọkọ. Ní ilé wa àtijọ́, ó máa ń hù lẹ́bàá kànga lọ́dọọdún. Bí a ṣe kúrò níbẹ̀, ẹni tó gba ilé náà rọ sìmẹ́ńtì sí gbogbo rẹ̀. Ohun tó kù kò kún ìdérí ìgò, ó sì ti wà nínú agolo fún ọdún mẹ́ta. Mo ka ogún nínú rẹ̀ sórí àkísà tútù kí n lè mọ̀ bóyá ó ṣì yè. Méje péré ló hù. Irúgbìn ṣọkọ kì í pẹ́ láyé nínú agolo. Bí a kò bá rí tuntun gbà lọ́dún náà, ó tán. Ẹnubodè Nàìjíríà sì wà ní títì nígbà náà, kò sẹ́ni tí a lè rán.

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ìyá mi, ó ń tọ́ ọbẹ̀ wò lọ́wọ́. Ó ní, "Bó bá tán, á jẹ́ pé mo ti kúrò nílé pátápátá nìyẹn." Ó fi ìdérí bo ìkòkò. N kò rí i kó sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí.

Nítorí náà, mo gbin gbogbo rẹ̀. Mo fi ẹyọ kan tó lágbára jù lọ sílẹ̀ nínú garawa kọ̀ọ̀kan, mo fa ìyókù tu. Mo to márùn-ún sí ìdí ògiri kúkúrú náà, mo sì to mẹ́ta sẹ́yìn dúrọ́ọ̀mù omi. Agolo mílíìkì kan omi fún ọ̀kọ̀ọ̀kan láàárọ̀, kí oòrùn tó dé orí ògiri. Omi ẹ̀rọ kì í wá lójoojúmọ́, nítorí náà n kò jẹ́ kí ẹ̀kán kan ṣòfò. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, wọ́n ti ga dé orúnkún mi, mo sì ń fi wọ́n yangàn fún ẹnikẹ́ni tó bá dúró gbọ́.

"Ìwọ ọmọbìnrin yìí," ni obìnrin Dagomba tó ń gbé ilé kejì sí wa máa ń sọ fún mi ní Haúsá, "ìwọ àti garawa wọ̀nyí ni wọ́n á so yìgì yín pọ̀. Kí ni owó orí rẹ̀, èèpo ìrẹsì?"

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin ni mo rí ohun dúdú kan lójú iyẹ̀pẹ̀ àwọn márùn-ún tó wà lẹ́bàá ògiri. Ó ń dán, ó sì nípọn bí èèpo ọgbẹ́. Bí mo bá da omi sí i, omi náà á dúró lójú rẹ̀, á máa wò mí. Mo mọ àrùn ewé, mo mọ kòkòrò, ṣùgbọ́n n kò rí èyí rí. Mo ṣí ìwé àkọsílẹ̀ mi, mo kọ "àrùn dúdú" síbẹ̀, mo sì fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀. Mo rẹ ewé dóńgóyárò sómi fún ọjọ́ méjì, mo wọ́n ọn. Kò lọ. Mo ku eérú sí i. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó tún nípọn sí i. Ewé ti ń pọ́n láti ìsàlẹ̀. Mo wá pinnu pé n ó gé àrùn náà kúrò: mo fi ṣíbí ha ojú iyẹ̀pẹ̀ náà dànù, jíjìn ìka kan, nínú gbogbo márààrún, mo sì da á sí gọ́tà.

Ibẹ̀ ni bàbá mi bá mi. Ó gbé búùtà lọ́wọ́, ó fẹ́ ṣe àlùwàlá.

"Kí lo dà sí gọ́tà yẹn?"

"Iyẹ̀pẹ̀ tó lárùn ni, Bàbá. Àrùn dúdú kan ló ń bá ṣọkọ jà."

"Àrùn dúdú?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ó máa ń dán, ó sì máa ń le. Láti bí ọ̀sẹ̀ méjì ni."

Ó gbé búùtà sílẹ̀, ó sì jókòó sórí àtẹ̀gùn bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ òkú fún. "Astagfirullah. Tàdáwà mi lo rí, tó ò ń pè lárùn. Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run lo dà sí gọ́tà, ìwọ ọmọ yìí."

Báyìí ni mo ṣe gbọ́ ohun tó ti ń ṣẹlẹ̀ lórí pèpéle mi. Lẹ́yìn tí aláìsàn bá ti mu omi wàláà tán, bàbá mi á tún fi omi ṣan pátákó náà kó lè mọ́ tónítóní. Omi tó fi ṣan pátákó yìí, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ dà á síbi tí ẹsẹ̀ èèyàn á ti tẹ̀ ẹ́. Ní ilé àtijọ́, ó ní kòtò kan fún un nídìí igi dóńgóyárò, wọ́n fi búlọ́ọ̀kù yí i ká. Ní Kalpohin, gọ́tà ni gbogbo omi ń bá lọ, pẹ́pẹ́yẹ ló sì ń wẹ̀ níbẹ̀. Ó ti ń dá ara rẹ̀ láàmú lórí ọ̀rọ̀ yìí láìsọ fún ẹnikẹ́ni, títí ó fi rí àwọn garawa mi.

"Iyẹ̀pẹ̀ tó mọ́," ó ní, "ẹsẹ̀ kò dé ibẹ̀, ohun tútù sì ń hù níbẹ̀. Mo tiẹ̀ rò pé torí tèmi lo ṣe kó wọn jọ. Mo ṣàdúà fún ọ."

Mo wọ inú gọ́tà, mo ń fi ṣíbí bu iyẹ̀pẹ̀ náà padà. Ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó di ìbàdí mú, ẹ̀rín ń pa á.

"Bù ú dáadáa o, ọ̀mọ̀wé. Ó ku díẹ̀ lẹ́sẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ yẹn."

Ìgbà tí mo wẹ̀ tán ni mo lọ bá bàbá mi, mo fi sùúrù ṣàlàyé. Mo ní oje igi wà nínú tàdáwà, òun ló ń jẹ́ kó lẹ̀ mọ́ pátákó, oje igi yìí náà ló sì ń di ojú iyẹ̀pẹ̀ tí omi kò fi lè wọlé. Mo ní gbòǹgbò ṣọkọ ń mí, bí ojú ilẹ̀ bá dí, yóò kú. Ó gbọ́ mi dópin. Ohun tó ń bí mi nínú jù nípa bàbá mi nìyẹn, ó máa ń gbọ́ni dópin.

"Omi tí aláìsàn ń mu tára rẹ̀ ń yá," ó ní, "òun ni yóò wá pa ẹ̀fọ́?"

Ẹ dáhùn ìyẹn fún mi.

Ó burú sí i. Lọ́jọ́ kejì, mo gbé ìgbẹ́ màlúù jáde kí n fi kún iyẹ̀pẹ̀ náà, bóyá yóò tú díẹ̀. Bàbá mi nawọ́ dá mi dúró. Ìgbẹ́ lórí ibi tí wọ́n da omi àyá sí? Ó di èèwọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni omi ìfọṣọ di èèwọ̀. N kò gbọ́dọ̀ da iyẹ̀pẹ̀ náà nù, n kò gbọ́dọ̀ gbé garawa náà sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ṣọkọ kan kú nínú abọ́ kan, n kò lè fà á tu kí n sọ ọ́ nù, ó ṣáà dúró síbẹ̀, ó gbẹ, ó ń wò mí. Ju ìdajì pèpéle mi lọ ló ti di mọ́ṣáláṣí. Èmi tí mo ń táípù lẹ́tà fún àwọn ọ̀gá láti àárọ̀, mo wá di ẹni tó ń tọrọ àyè kó tó fọwọ́ kan garawa tó fi ìṣó lu fúnra rẹ̀.

Kí oṣù náà tó parí, mẹ́rin nínú márùn-ún ti kú. Ìkarùn-ún ń mí, ṣùgbọ́n kò ga mọ́. Ó ku àwọn mẹ́ta ẹ̀yìn dúrọ́ọ̀mù. Orúnkún ń dun bàbá mi, kì í lè yí dúrọ́ọ̀mù po, ìyẹn ni omi tàdáwà kò ṣe dé ọ̀dọ̀ wọn. Mo gbẹ́kẹ̀ mi lé wọn. Gbogbo wọn tutù yọ̀yọ̀, orí wọn ti fẹ́ máa yọ òdòdó.

Mo ti ibi iṣẹ́ dé ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan, mo bá obìnrin ilé kejì lórí pèpéle, ó ti ṣẹ́ orí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó dà á sínú igbá.

Mo pariwo. "Ta ló ní kó o já a?"

"Orí ló ń fọ́ mi láti ìjẹta. Màláàmù, bàbá rẹ, kọ wàláà fún mi, mo mu ún, ó rọlẹ̀. Mo wá rí i tó da ìyókù sí ẹ̀fọ́ yín. Ṣé kí n wá fi oògùn sílẹ̀ fún ewúrẹ́ ni?"

"Ṣé Màláàmù ló ní kó o wá já a?"

"Kò ní kí n má já a."

"Kì í ṣe ibí ló ń da omi náà sí! Ẹ̀bá ògiri lọ́hùn-ún ni!"

Ó wo àwọn òkú ẹ̀fọ́ ẹ̀bá ògiri, ó wo èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi mí rẹ́rìn-ín. "Ìwọ náà wò ó. Èwo ló jọ èyí tí àdúà wọ̀ lára?"

Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, orí tèmi náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́.

Èyí tó ṣẹ́ lórí yẹn yóò tún yọ ẹ̀ka, mo mọ̀, ṣùgbọ́n yóò gbà á ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, òjò sì ti ń lọ. Bí ọyẹ́ bá bá a láìtíì gbó, irúgbìn rẹ̀ á fúyẹ́ bí ìyàngbò. Ó ku méjì. Obìnrin yìí á sì sọ fún elòmíràn pé orí òun rọlẹ̀, elòmíràn náà á wá. N kò bá bàbá mi sọ ọ́ mọ́. Mo lọ fa ìyá mi lọ́wọ́ láti ilé ìdáná, mo mú un yí dúrọ́ọ̀mù ká, mo ní, "Ìyá, ẹ kà wọ́n."

Ó kà wọ́n. Títí di ọjọ́ náà, eré ni gbogbo rẹ̀ jẹ́ lójú rẹ̀, èmi àti bàbá mi, àti ṣíbí, àti pẹ́pẹ́yẹ. Ó fọwọ́ kan iṣan pupa ewé náà. Lẹ́yìn náà ó nu ọwọ́ rẹ̀ sí ìró, ó wọlé lọ bá bàbá mi níbi tó jókòó sí lórí awọ àgbò.

"Àfáà, ẹ̀fọ́ tí ìyá mi dì fún mi lẹ ń fi tàdáwà pa."

Bàbá mi gbójú sókè. "Tìẹ ni?"

"Ta lẹ rò pé ó ni ín, gómìnà?"

"Ọmọ yìí kò sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ gbòǹgbò àti ihò ló ń sọ fún mi."

Òótọ́ ni. Inú sì bí mi pé òótọ́ ni. Mo ti sọ ọ̀rọ̀ oje igi, mo ti sọ ọ̀rọ̀ èémí, mo ti fi ìka wọn jíjìn fún un, n kò sọ ohun tí ìyá mi wí lọ́jọ́ tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò. Mo rò pé ó mọ̀ ni.

Bàbá mi ní òun kò ní da omi síbẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n kí n wá ibòmíràn fún òun: kí ó ga, kí ẹsẹ̀ má dé ibẹ̀, kí ohun tó lẹ́mìí sì máa hù nínú rẹ̀, nítorí òun kò ní da ọ̀rọ̀ Ọlọ́run sórí yanrìn lásán. Mo ra ààbọ̀ dúrọ́ọ̀mù, mo di òkúta sí i dé ìlàjì, èèpo ìrẹsì lórí rẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ díẹ̀, mo gbin ewé tíì sí i, mo sì da gbogbo iyẹ̀pẹ̀ dúdú yẹn mọ́ ọn. Mo sọ nínú ọkàn mi pé kò ní lo oṣù kan. Ó lo ọdún mẹ́sàn-án. Ó ń pọ̀ sí i bí ẹni ń fi mí ṣẹ̀sín. N kò lè sọ ìdí rẹ̀, mo sì ti fi tàdáwà dán irú rẹ̀ wò nínú garawa mìíràn láìsọ fún bàbá mi, ó kú.

Ìyá mi gbé àga rẹ̀ wá sí ẹ̀bá dúrọ́ọ̀mù omi, ibẹ̀ ló ti ń ṣa ìrẹsì, ibẹ̀ ló ti ń rán aṣọ. Kò sí orí tó fọ́ tó ní ìgboyà láti kọjá lára rẹ̀.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, àwọn méjì náà gbẹ lórí ìdúró wọn. Mo gé orí wọn ní òwúrọ̀ kí atẹ́gùn tó gbéra, mo gbọ̀n wọ́n sórí aṣọ funfun, mo fẹ́ ìyàngbò kúrò. Irúgbìn náà dúdú, ó ń dán, ó wúwo ju bó ṣe tóbi lọ. Ó kún agolo tòmátò kékeré kan dé ẹnu. Mo ti ṣètò rẹ̀: ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin sínú ìgò tí mo fi eérú gbígbẹ sí ìdí rẹ̀, ìdá kan fún òjò tó ń bọ̀.

Ìyá mi gba agolo náà lọ́wọ́ mi. Ó da ìlàjì sí etí ìró rẹ̀, ó so ó, ó sì gba ilé kejì lọ.

Mo sáré tẹ̀ lé e. "Ìyá! Obìnrin tó ṣẹ́ ẹ lórí!"

"Òun náà ni." Kò dúró. "Ilé kan ṣoṣo ló wà, o rí ohun tójú wa rí. Jẹ́ kó wà nílé méjì."

Obìnrin náà kó o lọ sí oko àwọn ará ilé bàbá rẹ̀ ní Sagnarigu. Kò béèrè iye ihò lọ́wọ́ mi. Mo kọ àdàlù iyẹ̀pẹ̀ sínú ìwé fún un, ó fi ìwé náà di irúgbìn. Nígbà òjò tó tẹ̀ lé e, ìyá mi bẹ̀ mí kí n bá òun lọ wò ó. Ó hù káàkiri etí àgbàdo, ó ga dé àyà mi, ewé rẹ̀ fẹ̀ ju èyí tí mo gbìn rí lọ. Ìyá mi wọ àárín rẹ̀, ó ń já a, ó ń dá orin ìgbéyàwó kan kọ tí n kò tíì gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí. Mo bẹ̀rẹ̀ mo fọwọ́ bu ilẹ̀ náà. Ilẹ̀ lásán ni, òkúta wà nínú rẹ̀, kò sí èèpo ìrẹsì kankan.

Bí a ṣe ń bọ̀, obìnrin kan dúró wo ẹrù tó wà lórí ìyá mi. Ó ní, "Ẹ̀yin náà ti rí àlẹ́fù Àfáà rà?" Mo béèrè pé àlẹ́fù ta ni. Ó ní gbogbo wọn ní Sagnarigu mọ̀ ọ́n, àfáà Yorùbá kan ní Kalpohin ló fi àdúà hù ú.

Mo ya ẹnu láti ṣàlàyé fún un. Ìyá mi fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní ká máa lọ, oòrùn ti ń mú, ẹ̀fọ́ òun á rọ.